Ìwé Ìròyìn Ọwọ́ Ìyá Múfú

Tampouy, Ouaga, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo fi àdúrà gbà,

Ṣé dáadáa lo wà nínú yàrá tuntun rẹ ní Koulouba? Àwa náà wà níbí. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n béèrè bóyá omi ń yọ dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ yín láàárọ̀, nítorí ó ti sọ fún gbogbo mọ́sáláṣí pé ọmọ òun ti di òǹkọ̀wé, kò sì fẹ́ kí òǹkọ̀wé náà máa lọ síbi iṣẹ́ láìwẹ̀.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Mo sì lè gun alùpùpù wá bá ọ, kò kúkú jìnnà. Ṣùgbọ́n o mọ ilé wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wúwo díẹ̀, èmi tàbí ìwọ á sọ nǹkan kan, a ó bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì sọnù síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí o wá sọ fún wa pé ìwé ìròyìn kan ti gbà ọ́ kí o máa kọ abala ẹ̀rín fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, àmọ́ ẹ̀rín la fi parí ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bébà síwájú. Bébà kì í rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé èmi náà ṣe iṣẹ́ yìí rí. O ti rí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú àpótí mi, o sì mọ̀ pé èmi ni Tantie Sérieuse tí ń bẹ nínú wọn. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti Ìyá Múfú. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, Àbẹ̀kẹ́. Kòtò tèmi ni mo fẹ́ fi hàn ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbé wa wá sí Ouaga láti Ìsẹ́yìn nígbà tí mo kéré, ó sì fi mí sí ilé ìwé Faransé títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ́kọ, mo sì gba ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Rood Woko. Bí ọjà bá dákẹ́, mo máa ń kọ ohun tí àwọn oníbàárà bá sọ sínú ìwé kékeré kan. Obìnrin kan á yọwó áńkárá kan títí, á sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún mi, á sọ ti ìyá ọkọ rẹ̀, á fọwọ́ pa aṣọ náà lórí bí ẹní ń pa ọmọ lórí, á wá ní "barka", ìyẹn ẹ ṣeun, á sì máa lọ láìra nǹkan kan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan olóòtú ìwé ìròyìn kan wá ra aṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìwé kékeré náà wà lórí aṣọ. Ó ṣí i, ó kà á, ó sì jókòó sórí àpótí mi. Kí ó tó dìde, ó ti ní kí n máa kọ irú rẹ̀ fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti sọ pé d'accord kí n tó mọ ohun tí mo gbà. Òun ló sọ mí ní Tantie Sérieuse, ìyẹn àǹtí tí kì í ṣeré, nítorí ó ní ojú mi kò yí padà rárá nígbà tí mo ń sọ ohun tó ń pa òun lẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi orúkọ mi pamọ́, kí ẹ̀rù mi má baà máa ba àwọn oníbàárà.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: iṣẹ́ ni. Àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀rín ń sun lára rẹ bí omi ìsun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi kú ní Ìsẹ́yìn, Ọjọ́rú ni, olóòtú sì ń retí abala mi ní Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ nípa eṣinṣin kan tó wọ bọ́ọ̀sì láti Bobo dé Ouaga láìsanwó. Gbogbo èèyàn ní òun ló dùn jù lọ́dún yẹn. N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ méjì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìwọ náà, kọ méjì pamọ́. Ọjọ́ ẹkún kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ síbi ìsọmọlórúkọ tí ẹnì kan ní kí o pa àwọn lẹ́rìn-ín, kí i dáadáa, kí o sì máa jẹ ìrẹsì rẹ lọ. O kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀rín.

Èkejì. O mọ bí àwọn Mósì àti àwọn Sámò ṣe máa ń bú ara wọn, tí inú kò sì ní bí ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wọn ló fi lélẹ̀ fún wọn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, bàbá àgbà kan ládùúgbò wa, Mósì ni, kú. Àwọn Sámò wá kí àwọn olóòkú, wọ́n sì ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni, pé ó kú kí wọ́n má baà ní kó lọ roko. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú omijé. Èmi tí mo ti di Tantie Sérieuse, mo rò pé ilé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, mo sì fi gbólóhùn kan tèmi kún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí tèmi. Ìyá àgbà, opó olóògbé, wò mí, ó sì rọra sọ fún mi ní Mòóré, èdè wọn, pé, "Ọmọ mi, ìwọ kì í ṣe Sámò." Kò bínú. Bí ó bá bínú ni ì bá sàn fún mi. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀, kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n fún láyè níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nílé ni wọ́n fún láyè láti ṣeré.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ opó yẹn ti tó mí. Kò tó mí.

Ìsọ̀ Ìyá Múfú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ Nàgó ni, láti apá Sákétẹ́, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún jù mí lọ. Òun ló ń bá mi ṣọ́ ìsọ̀ bí mo bá lọ kírun. Òun ló ń pọ̀n ọ́ nígbà tí o ń yọ eyín, tí o kò jẹ́ kí n rójú tajà. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà náà. Láràárọ̀, kó tó tú aṣọ sílẹ̀, á ra ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, á gbé awò ojú rẹ̀ tí ó fi òwú so apá kan wọ̀, á jókòó sórí àga níwájú ìsọ̀, á sì ṣí ìwé náà. Á máa mi orí. Nígbà mìíràn á ní, "D'accord, d'accord." Bẹ́ẹ̀ Ìyá Múfú kò mọ̀wé. Mo mọ̀, nítorí àìmọye ìgbà ni mo ti rí i tó gbé ìwé náà dorí kodò, tí ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú àwòrán wà lókè.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan, n kò rí nǹkan kọ. Kò sí ohun tó kù nínú dúrọ́ọ̀. Olóòtú ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbójú sókè, mo sì rí Ìyá Múfú lórí àga rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti kọ ọ́ tán. Mo kọ awò ojú, mo kọ òwú, mo kọ "d'accord". Mo ní òun nìkan ló ń gbọ́ ìròyìn ọ̀la ní gbogbo Burkina, nítorí láti ìparí ló ti ń kàwé bọ̀ síbẹ̀rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dára. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi, bóyá òun ló dára jù. Ibẹ̀ gan-an ni ewu iṣẹ́ yìí wà, ọmọ mi. Ohun tó dára àti ohun tó tọ́ lè jọ wọ aṣọ kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní ìlà wa dìde dúró, ó ń kà á sókè, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Mòóré. Gbogbo ìlà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Múfú náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dé ibi awò ojú olówùú ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i bó ṣe yé e. Ó bọ́ awò náà, ó fi í sínú báàgì, ó ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sí mẹ́rin. Ó dìde, ó sì fi ìlà náà sílẹ̀ kí ọkùnrin náà tó kà á tán.

Lọ́sàn-án ó wá bá mi, ó mú ìwé náà dání. Ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo lọ ilé ìwé. Kà á fún mi látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ."

Àbẹ̀kẹ́, mo kà á. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo jókòó ti ẹni tí mo kọ ọ́ nípa rẹ̀, tí mo ń kà á fún un. Mo sì yí i padà bí mo ṣe ń kà á. Níbi tí mo ti kọ pé ó dorí ìwé kodò, mo ní wọ́n sọ pé ó máa ń fara balẹ̀ kàwé. Níbi ìròyìn ọ̀la, mo ní wọ́n sọ pé ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀, ó ní kò burú tó bí òun ṣe rò, ó sì ní barka. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò bi í rí. Ó ní Bàbá Múfú ló máa ń ka ìwé ìròyìn lórí àga yẹn. Nígbà tó kú, òun ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń gbé bébà kiri ọjà, ìbáà ṣe ará búrò, ọ́fíìsì ọjà, ìbáà ṣe ẹni tó ń kó ọjà wá, wọn kì í fi bébà ṣe mágòmágó lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n bá bá tó ń kàwé. Ràímì àbúrò ọkọ òun tó wà ní Bobo pàápàá, láti ìgbà tó ti bá òun pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun mọ́.

Ó ní, "Ìwé yẹn ni ajá tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà."

Ẹnu mi kún. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà pé èmi ni mo kọ ọ́. N kò sọ ọ́. Mo ní kó má dá wọn lóhùn, mo sì yíjú sí oníbàárà kan tó ń bọ̀.

Oṣù náà kò tíì parí tí Ràímì fi dé láti Bobo. Èmi ti lọ kó aṣọ lọ́jọ́ náà. Ó gbé bébà kan wá, ó ní búrò ọjà fẹ́ tún orúkọ àwọn onísọ̀ kọ, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kan tẹ̀ka sí i. Ìyá Múfú ní kó jẹ́ kí òun dúró de aládùúgbò òun. Ràímì rẹ́rìn-ín, ó sì bi í níwájú àwọn èèyàn bóyá aládùúgbò náà ló máa bá a dorí rẹ̀ kodò kó tó kà á. Ọ̀rọ̀ mi ló lò, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ tí èmi kọ ló gbà lẹ́nu mi tó fi dójú tì í. Ìtìjú mú un, ó sì tẹ̀ka.

Nígbà tí mo dé, ó gbé ẹ̀dà tirẹ̀ fún mi. Mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun, opó Bàbá Múfú, fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda ìsọ̀ náà fún àbúrò ọkọ òun. Lọ́tẹ̀ yìí n kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Mo kà á bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà mo gbé bébà náà sílẹ̀, mo sì sọ fún un pé èmi ni Tantie Sérieuse.

Kò pariwo. Ó yíjú sí àga náà. Ó wá bi mí pé, "Èyí tí o kà fún mi lọ́jọ́sí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni o kọ ọ́?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Èyí tí o kọ dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí tí o kà fún mi ló tú mi sí ìhòòhò. Ká ní mo mọ̀ pé gbogbo ayé ti mọ̀ pé n kò mọ̀wé, ǹ bá ti múra sílẹ̀."

Mo lọ bá Bàbá Alága, olórí àwọn Yorùbá ọjà, lọ́jọ́ kejì. Bàbá rẹ bá mi lọ, kò sì bá mi wí lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti kọ̀wé nípa híhanrun rẹ̀ nígbà kan tí wọ́n fi ń kí i ní mọ́sáláṣí pé ẹ kú àìsùn. Mo sọ ohun tí mo ṣe níwájú gbogbo wọn, mo sì sọ orúkọ mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ràímì. Ìjókòó mẹ́ta la ṣe kó tó gbà, kò sì gbà tán. Wọ́n pín ìsọ̀ náà sí méjì, wọ́n fi pákó dá a láàárín. Ràímì mú apá kan, ó sì fi háyà fún ẹlòmíràn. Pákó náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. O ti ra sálúbàtà lápá ibẹ̀ rí, o kò mọ̀.

Mo sọ fún Ìyá Múfú pé n kò ní kọ̀wé mọ́ láé. Mo rò pé ohun tó máa tù ú nínú nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Ó ní, "Bí o bá dákẹ́, ṣé ìdákẹ́ rẹ á kàwé fún mi? Kọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí ọjà tó kún, mo ń kọ́ ọ ní A B C lẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ń ká aṣọ. Ọdún méjì dín díẹ̀ ló gbà wá. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó rọrùn. Òun àti lẹ́tà H àwọn Faransé kò rẹ́ rárá. Ó ní kí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí bí wọn kò bá ní pè é, pé nílé òun ẹni tó bá jókòó tí kò ṣiṣẹ́ kì í bá wọn jẹun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo sì bi í bóyá mo lè kọ ìyẹn. Ó ní rárá. N kò kọ ọ́ títí dòní, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé ìròyìn àtijọ́ náà jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó gbé ìka lé e, ó kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, látòkè délẹ̀. Oníbàárà méjì dúró títí, wọ́n sì lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ó ní ibi ìròyìn ọ̀la pa òun lẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n o kọ pé òwú pupa ni mo fi so awò mi. Dúdú ni." Ó ká ìwé náà, ó sì ń tajà rẹ̀ lọ. Kò sọ fún mi rí pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Nígbà tó fẹ́ padà sí Sákétẹ́, àga náà ló fún mi. Mo gbà á, ṣùgbọ́n n kì í jókòó lórí rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo sanwó rẹ̀. Kí o tó fi ohun kan lára ẹnì kan pa ayé lẹ́rìn-ín, kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe fún un. Ilẹ̀kùn àwọn alágbára pọ̀ lágbàlá wọn, bí o bá fi ẹ̀rín ṣí ọ̀kan, wọ́n á ti òmíràn. Ti aláìní lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ ìwé ìròyìn tó dorí kodò.

Bí o bá ṣẹ̀, jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Má bá ẹnikẹ́ni fi oyin sí ọgbẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ dá sí i lára. Má sì rò pé dídákẹ́ ni ìrònúpìwàdà. Ó rọrùn ju àtúnṣe lọ, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi padà kọ̀wé fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, orúkọ mi gan-an ni mo sì fi sí i. O ní olóòtú rẹ fẹ́ kí o mú orúkọ ìnagijẹ. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o lo tìrẹ. Wàá máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì bí o bá ti rí orúkọ bàbá rẹ lábẹ́ ohun tí o kọ, ó sì yẹ kí o máa rò ó.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ti ka àwọn ohun tí o fi ránṣẹ́ sí mi. O dáńgájíá jù mí lọ. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí díẹ̀.

Ó ku ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí, tí mo fi ẹ̀rín ṣá tì, pé ṣé o lè fi mí ṣe abala rẹ àkọ́kọ́, èmi àti bí mo ṣe ń pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe ará Ìsẹ́yìn láti orí òkè. O lè kọ ọ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e fún olóòtú rẹ, gbé e wá sílé, jókòó síwájú mi, kí o sì kà á fún mi. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, máa kà á lọ. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, má yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Kà á tán, kí o sì máa wojú mi.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Sidikátù